Lándílọ́ọ̀dù wa fa wáyà màámi yọ

Màámi ti kú tẹ́lẹ̀, àmọ́ lándílọ́ọ̀dù wa tún wọn pa lónìí.

Fóònù mi kún, ni mo bá kó gbogbo fọ́ìsì nóòtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó kú sínú látọ́ọ̀pù àlòkù kan tí mo fi ṣe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ìpamọ́ tí kì í kú, nílé. Bátìrì ẹ̀ ò dáa, iná ló gbé e dúró.

Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni Baba lándílọ́ọ̀dù, àmọ́ ìjọba ológun ò tíì parí nínú ọgbà wa. Wọ́n wọlé, wọ́n fa wáyà yọ.

"Kí ló ń jẹ iná mi tọ̀sán-tòru?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohùn màámi ni."

"Òkú wá ń jẹ iná ju alààyè lọ?"

Mo tún un tàn, kò dìde mọ́. Gbogbo ohùn màámi ti bá a lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe sáfà, ẹ fi ẹ̀dà kan sílé ẹlòmíì.

Ẹ̀yin tí màámi máa ń rán àdúà sí lórí fóònù, ẹ bá mi wò ó. Ta ló ṣì ní ohùn wọn?