Pọ́ùn Méjì Máńgòrò

Tí máńgòrò àti ṣúgà bá ti ń hó pọ̀ lórí iná mi báyìí, Ajégúnlẹ̀ ni ọkàn mi máa ń sá lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọdé níbẹ̀, màmá mi ti Àpápá dé tàwọn ti ìwé pélébé lọ́wọ́. Ìyàwó òyìnbó kan fẹ́ gbà wọ́n sí kíṣìnì ẹ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ se jáàmù wá fún un lọ́la. Èmi ni mo ka ìwé náà sí wọn létí.

"Pọ́ùn méjì máńgòrò."

"Pọ́ùn méjì kẹ̀? Ṣé igi ẹ̀ ni kí n rà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. "Màmi, kì í ṣe owó. Bó ṣe wúwo tó ni."

"Ìwọ̀n wo ni mo ní?"

Mo sáré mú páálí ṣúgà tá ò tíì tú. Pọ́ùn kan ni wọ́n kọ sí i lára. Mo so agbọ̀n kékeré méjì mọ́ igi kan lọ́tùn-ún lósì, mo fi okùn gbé àárín ẹ̀ kọ́, mo gbé ṣúgà sí ọ̀kan, Màmá ń gé máńgòrò sí ìkejì. Nígbà tí igi dọ́gba, a bu máńgòrò náà sínú agolo mílíìkì. Ó kún agolo mẹ́rin géérégé.

"Agolo mẹ́jọ ni pọ́ùn méjì nìyẹn," ni Màmá wí. "Kí ló dé tí òyìnbó ò kúkú sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyàwó òyìnbó náà tọ́ jáàmù náà wò, ó sì gba Màmá síṣẹ́. Owó kíṣìnì yẹn ló rán mi lọ sí sẹ́kọ́ńdírì.

Mo ti ní ìwọ̀n tèmi báyìí, ó dára gan-an, àmọ́ agolo mẹ́jọ ni mo bù sí ìkòkò yìí.