Ibì Kan Ṣoṣo Ni Gbogbo Wọn Ń Wò

Nọ́ọ̀sì Bùnmi ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ kó tó ní kí n yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mo kàn ṣèèṣì béèrè orúkọ oògùn náà ni.

"Ampisilíìnì ni, Bọ̀dá Wàhàbì. Kì í ta jù."

"Ọmọ ìyá pẹnisilíìnì kọ́ nìyẹn? Mo sọ fún yín pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà kan."

"Kọ̀ǹpútà ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Àpótí méjì ló ṣí síbẹ̀, irú èyí tí àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní fèrèsé. Nínú èyí tó jẹ́ ti káàdì mi, ìkìlọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí mo dé wà níbẹ̀ ní pupa. Nínú ti abẹ́rẹ́, kò sí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà kan náà, aláìsàn kan náà. Mo ní kó gbé abẹ́rẹ́ náà kúrò. Èmi àti ọ̀gá mi, Ẹ̀gbọ́n Rájí ará Ìlọrin, ni ilé ìwòsàn Garki yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò kọ̀ǹpútà náà fún láti máa tọ́jú. Mo ń ro ti àwọn tí kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n béèrè.

Nígbà tí ara mi yá, Ẹ̀gbọ́n tú ètò náà wò ní ṣọ́ọ̀bù wa.

"Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ló ń da ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀," ó ní. "Bí o bá tún ti ibí ṣe, tọ̀hún ò gbọ́."

Ó kó gbogbo àdàkọ náà dànù. Ó ṣe ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo sínú ètò náà, tó jẹ́ pé bó ti wù kí fèrèsé pọ̀ tó, kò lè ní ìkejì. Singleton ni wọ́n ń pè é nínú iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn náà ló so gbogbo fèrèsé mọ́ ọn. Ó ní kí n yí ọ̀rọ̀ kan padà. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà nínú fèrèsé kejì. Orí mi wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló lọ sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wò. Pa ẹnu dé, kí eṣinṣin má kó sí i."

Síbẹ̀, nígbà tí a gbé e padà sí ilé ìwòsàn, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo bẹ Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, pé kí wọ́n ṣì máa yẹ káàdì onípáálí wò kí wọ́n tó gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kùn, ṣùgbọ́n Mátírọ́ọ̀nù gbà. Kò pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì Halima fi pè mí.

"Kai, Wàhàbì, wá wo iṣẹ́ yín o. Bàbá awakọ̀ yìí ti lóyún."

Ó ti ṣí fèrèsé bàbá awakọ̀ náà, ará Durumi, ó tún ṣí ti aláboyún kan láì pa ti àkọ́kọ́ dé. Àyè aláìsàn kan péré ló wà nínú ibi ìpamọ́ wa, ni gbogbo fèrèsé bá tẹ̀ lé obìnrin náà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ohun tó yà mí lẹ́nu yẹn náà ló fẹ́ gbé oògùn ẹnì kan fún ẹlòmíràn, ó sì yára ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ò janpata. "Ọ̀kan náà ló ṣì máa jẹ́," ó ní, "ṣùgbọ́n gbogbo aláìsàn ló máa wà nínú rẹ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Nọ́ńbà ẹnì kan la ó so fèrèsé kọ̀ọ̀kan mọ́."

Nígbà tí a ṣe é tán, Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló jókòó dán an wò. Ó ṣí fèrèsé méjì fún aláìsàn kan, ó ṣí òmíràn fún ẹlòmíràn. Ó tẹ ìkìlọ̀ sínú ọ̀kan. Ìkejì rẹ̀ di pupa lójú ẹsẹ̀. Ti ẹlòmíràn dúró jẹ́ẹ́. Ó pààrọ̀ wọn, ó tún dán an wò.

"Ó mọ ẹni tó ni ín," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí.

Ó dìde, ó ní kí wọ́n kó àwọn káàdì onípáálí náà kúrò lórí tábìlì, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé.