Ìkọ̀wé Ìyá Rẹ̀ Lára Kọ́ọ̀pù

Ìyàwó mi ló kọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin kò tíì pé ọdún méjì nígbà tó tọ́ kúlíkúlí wò, tí ètè rẹ̀ wú, tí èémí rẹ̀ sì ń há. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń kọ ọ́ sára kọ́ọ̀pù rẹ̀, sára kúlà rẹ̀, sínú ọrùn súwẹ́tà rẹ̀ pàápàá: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún mi ní ẹ̀pà. Ó lè pa mí." Yóò wá fi sẹ́lótéèpù bò ó. Bí mo bá bá a lẹ̀ ẹ́, yóò ní ó wọ́, yóò sì ṣí i.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. "Àfi bí ẹni tó ń kọ 'Ilé yìí kì í ṣe títà' sára ògiri."

Kò gbójú sókè. "Àwọn tí kò kọ ọ́ ńkọ́? Ṣé ilé ṣì wà lọ́wọ́ wọn?"

Ìgbà òjò ni ìyàwó mi kú. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ní ilé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo jókòó láàárín àwọn tó wá kí mi. Ebi ń pa ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, rẹ gàrí fún un nínú kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì da ẹ̀pà sí i, bí gbogbo wa ti ń ṣe láìronú. Ìgbà tó gbé kọ́ọ̀pù náà lé ọmọ lọ́wọ́ ló rí ìkọ̀wé tó wà lára rẹ̀. Ó gbà á padà, ó wọ awò ojú, ó kà á. Ó wá fi ṣíbí ṣa ẹ̀pà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé gàrí náà fún un.

"Mo ka ohun tí ìyàwó ẹ kọ o," ló ń wí nínú mọ́tò bí a ti ń sáré gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, ètè ọmọ ti wú, orí rẹ̀ wà lórí itan ìyá àgbà náà. "Mo ti ṣa á kúrò. Ẹyọ kan kò kù. Ẹyọ kan ṣoṣo!"

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n fún ọmọ lábẹ́rẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, èémí rẹ̀ ti já geere. Títí dòní, ìyá àgbà náà kò fi ẹ̀pà mu gàrí mọ́.

Ohun tí kò fi mí sílẹ̀ ni pé ó ka ìkọ̀wé náà, ó sì ṣe ohun tó sọ. Ìyàwó mi ì bá ti da gàrí náà nù tomitomi, nítorí ẹ̀pà ti kan omi rẹ̀.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ìkọ̀wé náà pa rẹ́. Ìka ni mo fi ń fọ kọ́ọ̀pù náà kí kànìnkànìn má baà kàn án. Ṣùgbọ́n sẹ́lótéèpù ṣí, omi wọ abẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ ọmọ náà tuntun dá mi dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé, ó na kọ́ọ̀pù náà sí mi.

"Dádì, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ kọ síbí? Ṣé orúkọ rẹ̀ ni?"

Ní àárọ̀ Sátidé, mo fi kẹrosíìnì nu èyí tó kù. Mo kọ ọ́ lákọ̀tun: "Ẹ má fún mi ní ẹ̀pà, tàbí ohunkóhun tí ẹ̀pà ti bọ́ sí, bí ẹ tilẹ̀ ti ṣa á kúrò."

Ọmọ náà fi ìka tẹ̀ lé e títí tó fi kà á tán. "Ti Mọ́mì rẹwà ju èyí lọ."

"Mo mọ̀."

Mo fi sẹ́lótéèpù bò ó. Mo wá jókòó síbẹ̀ díẹ̀, mo ń retí kí ẹnì kan sọ pé ó wọ́.