Ohun Tí Áńtẹ́nà Mi Yà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Sùlé

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ní ojúmọmọ, mi ò sì mu ju omi lásán lọ lọ́jọ́ náà.

Áńtẹ́nà ni mò ń ṣe nígbà náà, nígbà tí ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n o. Tèmi kọjú sí ilẹ̀ ni: bàbà pẹlẹbẹ méjì lórí pákó, bí ìyẹ́ labalábá. Á rán ìgbì rédíò wọnú ilẹ̀. Èyí tó bá kọlu nǹkan á padà, gègé ẹ̀rọ á sì yà á sórí bébà. Ìgbì gígùn máa ń wọlẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n kì í ríran dáadáa. Ìgbì kúkúrú ń ríran, àmọ́ kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Áńtẹ́nà kan tó lè gba méjèèjì ni mò ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ sí oko kan lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ̀dù, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wá omi, kí n dán an wò.

Ìyá Sùlé ló wá bá mi níbẹ̀. Arúgbó ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Kànga ni Sùlé, ọmọ rẹ̀, ń gbẹ́ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ya lù ú. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà sin ín sínú oko yẹn, wọ́n fi ibẹ̀ pa mọ́ fún ìyá, gbogbo wọn sì ti kú tán. Ó ní kí n fi ẹ̀rọ mi bá òun wá ibẹ̀, kí òun fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀ kí òun tó lọ. Mo ní màá gbìyànjú. Ó lọ kírun Àsárì nídìí igi òrí kan.

Mo ń wọ́ áńtẹ́nà lọ. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ebè àtijọ́ kan, gègé ya ìlà tó yọ iké bí ẹ̀yìn ìjàpá. Nǹkan wà nísàlẹ̀, ó gùn tó èèyàn.

Bí mo ṣe gbójú sókè, ọkùnrin kan dúró tì mí, iyẹ̀pẹ̀ pupa bò ó látorí dé ẹsẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ọyẹ́ ń fẹ́ aṣọ tèmi, kò mi tirẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi han ìyá mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọn ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́."

Mo ṣẹ́jú, mi ò rí i mọ́. Mo wọ́ áńtẹ́nà kúrò níbẹ̀, mo ń wọ́ ọ lọ ṣáá, àfi ìgbà tí mo bá ara mi lọ́dọ̀ Ìyá Sùlé. Mo ní mi ò rí nǹkan kan.

Ó wo ojú mi títí. "Kò burú," ó ní. "Ilẹ̀ kan náà ni."

Ó jókòó ti áńtẹ́nà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ó sì ń bá Sùlé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní àwọn ọmọ tí Sùlé fi sílẹ̀ ti dàgbà. Ó ní kì í ṣe pé òun kọ̀ láti wá, àwọn àgbà ló di òun mú.

Áńtẹ́nà tí èèyàn ò bá wọ́, ìlà tó tẹ́ ló yẹ kí gègé máa yà. Mi ò fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ iké yẹn yọ nísàlẹ̀ bébà. Ìyá ń sọ̀rọ̀, iké ń gòkè. Ó ń gòkè bọ̀, ó kù díẹ̀ kó dé òkè bébà tó dúró fún ojú ilẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìyá wà gan-an.

Mo fa wáyà bátìrì yọ. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni àbí àánú.

Ìyá gbójú sókè. "Ọmọ mi, kí ló dé tóo fi pa á? Ṣẹ̀ṣẹ̀ ló ń dá mi lóhùn."

Mo so wáyà padà. Ìlà tó tẹ́ ni, títí bátìrì fi kú. Ìyá ò bínú sí mi. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kí iṣu tuntun tó jáde, òun náà ti lọ. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá wọ́n ríra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ wo inú ilẹ̀, ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹ bá rí ohun tó ń gòkè bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ìyá ẹnì kan wà nítòsí, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.