Kọ́là Tó Mú Gbogbo Ilé Ìránṣọ Jókòó

Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ọmọbìnrin mi ní kí n máa bá òun bójú tó ilé ìránṣọ rẹ̀ ní Ìgbògbò. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì rò pé sùúrù mi tó. Kò tó.

Ẹ̀wù ilé-ìwé là ń rán. Ẹnì kan ń gé aṣọ, ẹnì kejì ń so ó pọ̀. Ìyá kan, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ló ń ṣe kọ́là ọrùn ẹ̀wù. Ẹni ìkẹyìn ń dá ihò bọ́tìnnì, ó sì ń lọ aṣọ. Ilé-ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́ ń retí ẹ̀wù wa kí wọ́n tó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Bí a bá pẹ́, ọmọ mi pàdánù oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù nìyẹn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ẹ̀wù tí kò lọ́rùn ti ga níwájú ìyá débi pé gèlè rẹ̀ nìkan là ń rí. Ẹni tó ń so aṣọ ń dirun ara rẹ̀. Ẹni tó ń lọ aṣọ ti sùn lé tábìlì.

Mo ní, "Ẹ ò ṣe ran ìyá yín lọ́wọ́?"

"Háà, Màmá," ni onídìrun fèsì. "Kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà? Ṣe ni yóò dà bíi pé mo ní ọwọ́ wọn ò yá."

Ìyá dáhùn láti ẹ̀yìn òkìtì aṣọ. "Jẹ́ kó jókòó. Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?"

Ó sú mi. Ọ̀wọ̀ dára, mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n irú ọ̀wọ̀ wo ló ń jókòó wo àgbà nínú làálàá?

Mo fa àga sún mọ́ ìyá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ́ wọn. Kí wọ́n máa yí kọ́là síta, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kó ku kí ẹ̀yin rán an mọ́ ẹ̀wù."

Ìyá wò wọ́n títí. "Olóorun, dìde. Gbé áyọ́ọ̀nù rẹ bọ̀."

Nígbà tó fi di Sátidé, onídìrun ti ń rán kọ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ìyá ń bá a wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀wù wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kálukú tún ti padà sáyè rẹ̀, òkìtì tún ti ga. N kò tíì la ẹnu tí ìyá fi ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń wo àjà, ṣé ẹ fẹ́ kí Tíṣà tún wá bẹ̀ mí ni?" Wọ́n dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n. Bí iṣẹ́ bá dì sọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ má fi ọ̀wọ̀ ṣe àwáwí. Ẹ ní kó kọ́ yín, kí ẹ sì bá a gbé e.