Omi Tó Ń Dànù Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé mi: mo lè ṣe bí ẹnikẹ́ni. Mo lè rìn bí aboyún, mo lè wúkọ́ bíi fadá. Iṣẹ́ yìí náà ló lé mi kúrò nílé ìwé ní Atakpamé. Olùkọ́ wa wọlé bá mi níbi tí mo ti ń fi ohùn rẹ̀ sọ Faransé, tí gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Ká ní mo tiẹ̀ gbọ́ Faransé ọ̀hún ni, à bá ní olóye ni wọ́n lé. Mi ò gbọ́ ọ. Ohùn nìkan ni mo mọ̀.

Bí mo ṣe padà sí Akparé, ìlú wa, nìyẹn, géńdé tí kò wúlò lóko, tí kò wúlò ní ọ́fíìsì. Nínú àwọn ẹgbẹ́ mi, àwọn kan wà nílé ìwé, àwọn tó kù, àwọn Faransé ti kó wọn lọ ṣe ọ̀nà. Ìyá mi ti kú. Ó ku èmi àti bàbá mi.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa yí lórí ìka tó tẹ̀lé e, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Àwọn ará ìjọ ń yìn ín. “Ẹ wo bàbá yìí, àdúrà ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀!” Kò sọ fún wọn pé kì í ṣe àdúrà. Èmi tí a jọ ń gbé ni mo mọ̀ pé ọwọ́ yẹn kì í sinmi, àfi tó bá sùn.

Ó wá kan ẹsẹ̀. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ìṣísẹ̀ kéékèèké. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á dúró gbagidi bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ náà le. Inú rẹ̀ dùn o, inú rẹ̀ bàjẹ́ o, ojú kan náà ni. Ohùn rẹ̀ sì kéré, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ sí Anié ní ibà ni, ó fún un ní kíníìnì. Kíníìnì korò, ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n. Bàbá mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mi ò ní sọ. Ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ sọ fún, ewúrẹ́?

Ó wá ń kọjú sí ògiri jẹun, nítorí ọbẹ̀ tó ń kán sí i láyà. Èmi náà ń jẹ tèmi nídìí ààrò. Ilé kan, àwo méjì, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ohun tó kù tó ń mú un jáde ni bẹ́ńṣì abẹ́ igi máńgòrò. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ Àìkú, àwọn ọkùnrin á jókòó síbẹ̀, àwọn obìnrin á gbé omi wá nínú igbá, igbá á máa ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ iṣu àti òwú.

Nílẹ̀ wa, kéèyàn tó mu omi, á kọ́kọ́ da díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òkú ilé. Ìjọ ní ká jáwọ́ níbẹ̀. Bàbá mi ló kọ́kọ́ jáwọ́ ní Akparé. Títí dòní, àwọn àbúrò rẹ̀ ní Datcha, tí wọ́n ń bọ nǹkan ìdílé, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan, igbá dé ọwọ́ rẹ̀, omi dà sílẹ̀. Katikíìsì, ẹni tó ń darí àdúrà tí fadá kò bá sí, ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì, omi tún dà.

“Bàbá, ta lẹ̀ ń da omi fún?” ni katikíìsì bi í.

Bàbá mi dáhùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

“Ẹ wo ojú ẹ̀,” ẹnì kan wí. “Kò tiẹ̀ tijú!”

“Ẹ lọ rò ó nílé,” ni katikíìsì wí. “Tí ẹ bá ti fi àwọn òkú sílẹ̀, ẹ padà wá.”

Mo wà níbẹ̀. Mo fara ti igi máńgòrò bí ẹni ń ṣọ́ èso. Mo sọ fún ara mi pé mo ti ṣèlérí. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bàbá mi ń gbọ̀n. Èmi, tí wọ́n lé nílé ìwé lójú gbogbo ayé, èmi ni ojú ń tì!

Bàbá mi ò padà síbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, á wọ aṣọ funfun rẹ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti abẹ́ igi. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò lè wò ó mọ́. Mo dìde, mo lọ.

“Ará Faransé ti dé!” ni wọ́n fi pàdé mi. “Ohùn ta lo mú wá lónìí?”

“Ẹ fún mi lómi.”

Mo jókòó sí àyè bàbá mi. Mo jẹ́ kí ojú mi kú. Mo jẹ́ kí àtàǹpàkò mi máa yí. Mo gba igbá. Ó gbọ̀n, omi ta sí mi láyà, ó dà sílẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá ẹ̀ gan-an nìyí!” Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo tún gbé igbá, omi tún dà. Ẹ̀rín náà ń kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta ni mo dà á fún?” mo bi wọ́n.

Katikíìsì dìde. “Àbí ó ń dànù ni?”

“Ó ń dànù ni. Àdúrà tí ẹ̀ ń yìn yẹn, ọwọ́ kan náà ni.”

Wọn ò wò mí mọ́. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. Bàbá mi ti tẹ̀lé mi wá. Ó dúró gbagidi lẹ́bàá ògiri ilé àdúrà. Mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Ojú rẹ̀ ò sọ fún mi.

Katikíìsì fúnra rẹ̀ ló lọ fà á lọ́wọ́ wá jókòó. Wọ́n bu omi tí kò dé ìdajì igbá. Mo já ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, èyí tó ní ihò nínú, mo fi í sínú omi, bàbá mi fà á mu. Ẹ̀kán kan ò bọ́ sílẹ̀.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tọ́ sí mi: mo tú àṣírí rẹ̀, mo tún fi í ṣeré lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti ń ronú àtisá lọ sí Anié, kí n lọ máa di ẹrù sínú ọkọ̀. Ọjọ́ kẹta, níbi tó ti kọjú sí ògiri ń jẹun, ó sọ nǹkan kan. Mo ní láti gbé etí lọ bá a.

“O yára jù.”

“Kí lẹ wí, Bàbá?”

“Níbi igbá yẹn. Èmi kì í yára tó bẹ́ẹ̀.”

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni. N ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Ó ti gba àyè rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì báyìí. Àmọ́ kí ohùn rẹ̀ tó jáde, wọ́n á ti fi ọ̀rọ̀ iṣu sílẹ̀, wọ́n á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òwú. Ó ń lọ ṣá. Tí wọ́n bá tú ká, èmi àti ẹ̀ la máa ń kẹ́yìn. Àwọn ènìyàn á kọjá lára wa, wọ́n á kí wa, wọ́n á lọ, ọ̀nà á dá páropáro. Mo máa ń gbé ẹsẹ̀ bó ṣe ń gbé e. Bó bá dúró gbagidi, èmi náà á dúró.

“Bàbá, ṣé mo ṣì ń yára?”

Ó wọ́ ẹsẹ̀ kan síwájú.

“Díẹ̀.”