Ìka Bàbá Mi

Aṣọ iléèwé ọmọ mi ni mò ń sá lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi pè láti Òkè-Ògbó pé Bàbá wa ti jáde láyé. Ìka ọwọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ rántí.

Láràárọ̀ Sátidé, Bàbá á fi etí fìlà nu àwo orin, wọ́n á gbé e sórí giramafóònù. Bí gìtá bá ti fẹ́ wọlé báyìí, wọ́n á na ìka sókè: "Ẹ má sọ̀rọ̀ o, ó ń bọ̀!" Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún mi ní kékeré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ọmọbìnrin mi.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà fi fóònù mi gbé orin tirẹ̀ sí i fún wọn. Bàbá na ìka, wọ́n dúró títí.

"Ìyàwó mi, gìtá dà?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ rèé!" Síbẹ̀, wọ́n ń mi èjìká sí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ mi jókòó ti giramafóònù. "Mọ́mì, ta ló máa sọ fún wa pé gìtá ń bọ̀?"

Mo nu àwo kan, mo gbé e sí i.

"Ìwọ ni. O mọ ibẹ̀ jù mí lọ. Ó yá, na ìka rẹ sókè."